Ṣé Ọlọ́run ló rán Jéhù? Kí ló wá dé tó tún ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ Jésíréélì lọ́wọ́ ilé rẹ̀?

Olùkọ́Kíláàsì (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ wa. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, a ka 2 Àwọn Ọba orí 9 àti 10, ibi tí Jéhù, ọ̀gágun tó di ọba Ísírẹ́lì, ti pa ilé ọba Áhábù run. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún dùn. Mo ṣàpèjúwe bí olùṣọ́ ṣe wà lórí ilé ìṣọ́ tó ń wo eruku lókèèrè, tó ní ìwakúwà yìí jọ ti Jéhù, kíláàsì sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ti fẹ́ pa ìwé dé nígbà tí màmá kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún nawọ́. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ bá mi ṣí Hóséà orí 1 ẹsẹ 4."

Mo ṣí i. Ibẹ̀ ni Olúwa ti ní kí wòlíì Hóséà sọ ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ní Jésíréélì, torí pé láìpẹ́ òun máa gbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ Jésíréélì lára ilé Jéhù. Jésíréélì yìí ni ìlú tí Jéhù ti ta ẹ̀jẹ̀ ilé Áhábù sílẹ̀.

Màmá ní: "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọlọ́run rán Jéhù, Jéhù jẹ́ ẹ. Kí ló wá dé tí Ọlọ́run tún yí padà mú ọmọ rẹ̀?"

Agogo ló gbà mí sílẹ̀. Mo ní màá dáhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbà mí.

Ìránṣẹ́Olúwa77

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yẹn já yín láyà. Áhábù ṣe búburú ju gbogbo ọba tó ṣáájú ẹ̀ lọ, Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀. Wòlíì Báálì 450 àti wòlíì Áṣérà 400 ló ń jẹun lórí tábìlì ìyàwó ẹ̀, lásìkò tí ìyàn mú ní Samáríà. Sùúrù Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ ó pin. Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Ó parí.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Kò parí o, àbúrò. Gáà kọ́ ni wọ́n bi yín. Ìbéèrè màmá ni pé ẹni tó pa ìkà, kí ló dé tí wọ́n tún wá bèèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àtọmọdọ́mọ ẹ̀. Ẹ dáhùn ìyẹn.

Lọ́yàÌgbèríko

Ẹ jẹ́ ká padà sínú oko, torí inú oko ni ẹjọ́ yìí ti ṣẹ̀.

Nábótì ará Jésíréélì ní ọgbà àjàrà kan tó fara kan ààfin. Áhábù fẹ́ ẹ, kó lè fi gbin ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ o! Ó ní òun á fún un ní ọgbà mìíràn tó dára jù ú lọ, tàbí kí òun san owó rẹ̀. Títí débẹ̀, mi ò rí ìkà nínú ẹ̀, oníbàárà tó ń nájà ni. Nábótì ní rárá, ogún baba òun ni. Òfin sì wà lẹ́yìn ẹ̀: Léfítíkù 25 ní wọn kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ títí láé, torí Ọlọ́run ló nilẹ̀, Númérì 36 ní ogún kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ẹ̀yà kan bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀yà mìíràn. Ọba lọ sílé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri, kò jẹun, bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀.

Jésébẹ́lì ìyàwó rẹ̀ wá kọ lẹ́tà. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 21 ẹsẹ 8 sí 14 bí ẹni ka ìwé ẹjọ́. Ó fi orúkọ ọkọ rẹ̀ kọ ọ́, ó fi èdìdì ọba tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n kéde ààwẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí méjì, torí Diutarónómì 17 kò gbà kí wọ́n fi ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo pa èèyàn. Ẹ̀sùn náà jẹ́ èyí tí òfin mọ̀: ó bú Ọlọ́run, ó bú ọba. Wọ́n mú un jáde sẹ́yìn ìlú, wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa. Kò sí ètò ilé ẹjọ́ kan tí wọ́n fò. Mo ti rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi, tí gbogbo òǹtẹ̀ pé lára ẹ̀, tí ilẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ẹ wá wo èyí. Orúkọ Áhábù ló wà lára lẹ́tà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa Nábótì tán, Jésébẹ́lì ni àwọn àgbààgbà ìlú ránṣẹ́ padà sí. Ẹsẹ 14. Gbogbo wọn mọ ẹni tó kọ ọ́.

ỌmọÀgbẹ̀

Ọ̀gá lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fo àwọn ọmọ.

Orí 21 sọ pé Nábótì kú. Kò mẹ́nu kan ọmọ rárá. Ó di 2 Àwọn Ọba 9 ẹsẹ 26 ká tó gbọ́. Jéhù ti ta Jórámù ọmọ Áhábù lọ́fà, ó sì sọ fún Bídíkárì ọ̀gágun rẹ̀ pé kó gbé òkú náà sọ sórí ilẹ̀ Nábótì. Ó ní ṣé o rántí ọjọ́ tí èmi àti ìwọ ń tẹ̀lé Áhábù lẹ́yìn, tí Olúwa ní òun rí ẹ̀jẹ̀ Nábótì àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ lánàá?

Àwọn ọmọ rẹ̀! Ẹni tó bá dàgbà nídìí ẹjọ́ ilẹ̀ kò ní bèèrè ìdí tí wọ́n fi pa wọ́n. Bí bàbá kú tí àrólé ṣì wà láyé, ilẹ̀ ò tíì bọ́. Àwọn tó gbógun ti ilẹ̀ bàbá mi náà kò bá bàbá mi jà tó bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ èmi.

Ibi tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Jéhù ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ogun Áhábù ni, ó ń jẹ lára oúnjẹ Áhábù. Ó gbọ́ ìdájọ́ náà pẹ̀lú etí ara rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí Áhábù fi kú, tí Ahasáyà ọmọ rẹ̀ jọba tó kú, tí Jórámù tún jẹ.

Ìránṣẹ́Olúwa77

Èyí tí ẹ sọ yìí náà ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ni. Áhábù gbin ẹ̀jẹ̀ sínú oko, wọ́n wá gbé òkú ọmọ rẹ̀ sọ síbẹ̀. Ìdájọ́ tó mọ ojúlé.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ Jésébẹ́lì díẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, wọ́n lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin torí mo lé tìróò. Ẹni tó lé mi ní "Jésébẹ́lì ni ọ́." Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìtàn obìnrin yìí. Nínú oko Nábótì, ẹ̀sùn tí wòlíì Èlíjà gbé síwájú Áhábù ni pé ó pànìyàn, ó sì gba ohun olóhun; ó wá ní ajá máa jẹ Jésébẹ́lì. Tìróò kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ni tìróò wọ̀ ọ̀rọ̀. Ó gbọ́ pé Jéhù ti dé, ọmọ rẹ̀ ti kú, kò sí ọmọ ogun kankan mọ́. Kò sá. Ó lé tìróò, ó ṣe irun lọ́ṣọ̀ọ́, ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì ju òkò ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀: "Ṣé àlàáfíà ni, ìwọ Símírì tó pa olúwa rẹ̀?"

Ẹ mọ Símírì? Ọ̀gágun tó pa ọba Élà, tó sì fi ọjọ́ méje péré jọba kí Ómírì, bàbá ọkọ Jésébẹ́lì, tó ká a mọ́ Tírísà. Ó tiná bọ ààfin mọ́ ara rẹ̀ lórí. Ẹni tó ń lọ sẹ́nu ajá ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Mi ò ní kò jẹ̀bi o. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi lẹ́tà tó kọ bá a wí, kí wọ́n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Àti pé lẹ́yìn tí àwọn ìwẹ̀fà tì í ṣubú, tí ẹṣin tẹ̀ ẹ́, Jéhù wọlé lọ jẹun ná, ó mu. Ìgbà tó yó tán ló rántí pé ọmọ ọba ni, kí wọ́n lọ sin ín. Agbárí, ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n bá.

Àwárí_Ìtàn

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì ti fojú ara mi rí Jéhù. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Òkúta dúdú kan wà nínú British Museum tí Austen Henry Layard hú jáde ní Nimrud, ní ilẹ̀ Ìráàkì, lọ́dún 1846. Shalmaneser Kẹta, ọba Ásíríà, ló gbẹ́ ẹ, ó ga tó mítà méjì. Ní ìlà kejì láti òkè, ọkùnrin kan wólẹ̀, iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ níwájú ọba náà, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ru fàdákà àti wúrà wá. Àkọlé rẹ̀ ní ìṣákọ́lẹ̀ Jéhù ọmọ Ómírì nìyẹn. Ọdún 841 ṣáájú ìbí Kristi ni, ìyẹn ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè.

Ẹ rí ọ̀rọ̀? Ẹni tó pa ìdílé Ómírì run tọmọtọmọ, òun ni Ásíríà pè ní ọmọ Ómírì. Lójú wọn, ilé Ómírì ni orúkọ Ísírẹ́lì, ẹni yòówù kó wà lórí oyè. Áhábù tí a ń bú yìí, lọ́dún 853, kẹ̀kẹ́ ogun 2,000 àti ẹlẹ́sẹ̀ 10,000 ni Shalmaneser kan náà kọ sí i lọ́rùn nínú ogun Qarqar, níbi tí Áhábù àti ọba Damásíkù ti jọ dojú kọ Ásíríà. Láàárín ọdún méjìlá, láti orí kẹ̀kẹ́ ogun 2,000 bọ́ sórí ìdọ̀bálẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Lọ́dún 1993, wọ́n rí òkúta kan tó ti fọ́ ní Tel Dan, ní àríwá Ísírẹ́lì. Ọba Árámù kan, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Hasáélì ni, ń fọ́nnu lára rẹ̀ pé òun pa ọba Ísírẹ́lì àti ọba ilé Dáfídì. Orúkọ àwọn ọba náà ti ké lára òkúta, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó kù bá Jórámù àti Ahasáyà ti Júdà mu. Àwọn méjì tí Bíbélì ní Jéhù pa!

Ìránṣẹ́Olúwa77

Ẹ̀gbọ́n, òkúta tó fọ́ ni ẹ fẹ́ fi já Bíbélì nírọ́?

Àwárí_Ìtàn

Rárá o. Ọba tó bá ń gbẹ́ òkúta ìyìn ara rẹ̀ kò ní sọ pé ẹlòmíràn ló bá òun ṣe é. 2 Àwọn Ọba 8 sì ní àwọn ará Árámù ti ṣá Jórámù lọ́gbẹ́ ní Rámótì-Gílíádì, ìyẹn ló gbé e wá sí Jésíréélì láti tọ́jú ara. Ó lè jẹ́ pé Hasáélì ka iṣẹ́ Jéhù mọ́ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ní òkè Hórébù, Ọlọ́run ní kí Èlíjà ta òróró sí Hasáélì àti Jéhù pọ̀. Pàṣán méjì, ọwọ́ kan náà. Kò sì pẹ́ tí pàṣán kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í na èkejì: 2 Àwọn Ọba 10 ẹsẹ 32 ní Hasáélì gba gbogbo ìlà oòrùn Jọ́dánì mọ́ Jéhù lọ́wọ́.

ỌmọAládùúrà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán gan-an. Wòlíì Èlíṣà, arọ́pò Èlíjà, kò lọ yan Jéhù fúnra rẹ̀. Ó rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ wòlíì, ó kó ìgò òróró fún un, ó sì kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, gbólóhùn kan péré: "Báyìí ni Olúwa wí, mo ti fi òróró yàn ọ́ ní ọba lórí Ísírẹ́lì." Lẹ́yìn náà, ṣílẹ̀kùn, sá. Ẹsẹ 3.

Ẹ wá ka ẹsẹ 6 dé 10, ohun tí ọmọ náà sọ nígbà tó débẹ̀. Pa ilé Áhábù run. Gbogbo ọkùnrin ilé rẹ̀. Ajá máa jẹ Jésébẹ́lì. Gbólóhùn kan ti di ìwàásù! Lóòótọ́, ohun tí Èlíjà ti sọ tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà mi ò ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu Èlíṣà kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọ̀gágun pàápàá bi Jéhù pé kí ni aṣiwèrè yìí wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ.

Èlíṣà yìí kan náà, nígbà tó ń sọ fún Hasáélì pé yóò jọba, ńṣe ló tẹjú mọ́ ọn, tó bú sẹ́kún, torí ó mọ ohun tí ọkùnrin náà máa fi ojú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rí. Wòlíì tó mọ ìdájọ́ tó ń bọ̀ sunkún. Jéhù ní tirẹ̀ pe ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jèhónádábù gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Wá wo ìtara mi fún Olúwa." Ẹ fi àwọn méjì wé ara wọn.

Ìránṣẹ́Olúwa77

Gbogbo yín ń yẹra fún orí 10 ẹsẹ 30. Olúwa fúnra rẹ̀ sọ fún Jéhù pé ó ṣe dáadáa, ó ṣe sí ilé Áhábù gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà lọ́kàn òun, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jókòó lórí ìtẹ́ dé ìran kẹrin. Ṣé Ọlọ́run ń yin èèyàn fún iṣẹ́ tí kò rán an?

Lọ́yàÌgbèríko

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, àbúrò, mi ò sì ní yẹra fún un. Ẹsẹ 30 dárúkọ ilé Áhábù. Mo gbà. Ẹ bá mi ka àwọn tí kì í ṣe ilé Áhábù. Ní ẹsẹ 11, ó pa gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ìdílé náà. Ní ẹsẹ 14, ó pa ọkùnrin 42 tí wọ́n jẹ́ ìbátan Ahasáyà ọba Júdà, àwọn tó ń lọ kí àwọn ọmọ ọba lásán. Ẹsẹ 31 tó tẹ̀ lé ìyìn náà ní Jéhù kò kíyè sára, kò kúrò nídìí ère màlúù tí Jèróbóámù gbé kalẹ̀ ní Bẹ́tẹ́lì àti Dánì. Ó wó ilé Báálì, ó sọ ibẹ̀ di ṣáláńgá, ère màlúù tó ń gbé ìjọba ró ni kò fọwọ́ kàn.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ rèé, àná nìkan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nígbà tí mo tún orí 10 kà nítorí ìjíròrò yìí. Báwo ni Jéhù ṣe pa àwọn ọmọ Áhábù 70 tó wà ní Samáríà? Ó kọ lẹ́tà. Sí ta ni? Sí àwọn olórí Jésíréélì tó wà ní Samáríà, àwọn àgbààgbà. Àwọn àgbààgbà bẹ̀rù, wọ́n pa àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́, wọ́n di orí wọn sínú agbọ̀n, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí wọ́n kó o jọ ní òkìtì méjì lẹ́nu ibodè. Nígbà tó di òwúrọ̀, ó jáde sí àwọn èèyàn, ó ní, "Olódodo ni yín. Èmi ni mo dìtẹ̀ sí olúwa mi tí mo pa á, ṣùgbọ́n ta ló pa gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

Lẹ́tà. Àgbààgbà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ. Kí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ lè mọ́. Kálámù Jésébẹ́lì ni Jéhù mú.

ỌmọÀgbẹ̀

Háà!

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Lọ́yà, ẹ ti bà mí nínú jẹ́ lálẹ́ yìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn àgbààgbà kan náà?

Lọ́yàÌgbèríko

Ìwé kò sọ, màmá. Ìlú kan náà ṣáà ni ìwé dárúkọ, Jésíréélì.

Àwárí_Ìtàn

Kí n fi nǹkan kan kún un kí Olùkọ́ tó lọ kọ́ kíláàsì. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nínú Hóséà 1:4 ni *pāqad*. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kí a bẹ nǹkan wò, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onímọ̀ kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run dá Jéhù lẹ́bi fún ohun tó ṣe. Àwọn mìíràn ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé Áhábù ní Jésíréélì náà ló máa padà wá ká ilé Jéhù mọ́lé, torí ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Èmi fara mọ́ ti kejì díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí lọ́yà rí yẹn ti fẹ́ yí mi lọ́kàn padà.

Jèróbóámù Kejì, àtọmọdọ́mọ Jéhù, ló wà lórí oyè nígbà tí Hóséà ń sọ̀rọ̀, ìlú sì ń rọ̀ṣọ̀mù. Ẹ ka ọdún wọn: Jéhù 28, Jèhóáhásì 17, Jèhóáṣì 16, Jèróbóámù 41. Ìyẹn 102. Lẹ́yìn náà Sekaráyà, ìran kẹrin, oṣù mẹ́fà. Ṣálúmù pa á níwájú àwọn èèyàn, ó sì gba oyè fún oṣù kan péré kí Ménáhémù tó pa òun náà. Kò sí wòlíì kankan tó ta òróró sí Ṣálúmù.

Ìránṣẹ́Olúwa77

Mi ò tíì gbà tán o. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá Gáà lóhùn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Màá tún orí 10 kà.

Olùkọ́Kíláàsì

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ará. Sọ́ńdè ti kọjá, mo jẹ yín ní gbèsè àbọ̀.

Mo kó ohun tí ẹ sọ lọ. Mo ní kí ẹnì kan ka lẹ́tà Jésébẹ́lì, kí ẹlòmíràn ka lẹ́tà Jéhù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìsí àlàyé láàárín. Nígbà tí wọ́n kà dé "ta ló pa gbogbo àwọn wọ̀nyí?", kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo ṣe àlàyé Hóséà lọ́nà méjèèjì, mo ní kí kálukú lọ rò ó. Àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀, alàgbà kan bínú díẹ̀, a gbàdúrà.

Màmá kò sọ ohunkóhun títí a fi jáde. Lẹ́nu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti fà mí lápá. Mo rò pé wọ́n máa ní mo gbìyànjú. Wọ́n ní, "Tíṣà, àwọn ọmọ Nábótì yẹn, ẹ ò dárúkọ wọn."

Mo ní, "Màmá, Bíbélì kò dárúkọ wọn."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ẹ dẹ̀ ti ka orúkọ gbogbo àwọn ọba tán."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orí 11 ló kàn, Ataláyà, tó pa àwọn ọmọ ọba ní Júdà, tí Jèhóṣébà sì jí ọmọ kan gbé pa mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí màmá máa ti yọjú, kó tètè kìlọ̀ fún mi.